Ọjọ́ mẹ́fà ní Geneva, lẹ́yìn okùn tí ojú kò rí

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ọmọ kíláàsì mi kan ló fa ìrìn-àjò yìí. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní gúúsù London. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn kí a tó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan ti oṣù Kẹwàá, mo ń sọ fún wọn pé àwọn onímọ̀ kan gbà pé tí a bá tú gbogbo ohun tó wà láyé palẹ̀ dé ìdí, okùn tín-ín-tín la máa bá níbẹ̀, okùn tó ń gbọ̀n. Ẹ wo okùn gìtá: okùn kan náà ni, ibi tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ ló ń sọ ohùn tó máa mú wá. Bí okùn yìí bá gbọ̀n báyìí, electron ni. Bó bá gbọ̀n lọ́nà mìíràn, quark ni; ohun tín-ín-tín inú átọ́ọ̀mù ni àwọn méjèèjì. Òmíràn tún wà tó ń gbé agbára òòfà ilẹ̀ rìn. String theory ni wọ́n ń pè é. Èmi ń pè é ní àbá okùn. Ọmọ náà nawọ́ sókè: "Sà, ta ló ti rí okùn ọ̀hún?" Mo ní kò sẹ́ni tó tíì rí i. Ó ní, "Ẹ wá ń kọ́ wa?" Aago dún, Ọlọ́run yọ mí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ti ń gbé Meyrin lẹ́bàá Geneva ní Switzerland láti ọdún mẹ́rìnlá, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bá mi wí pé mi ò wá kí òun. Meyrin yìí náà ni CERN wà, ibi ìwádìí físíìsì tí wọ́n ti ń mú proton, ohun tín-ín-tín inú átọ́ọ̀mù, kọ lu ara wọn. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọkọ̀ òfurufú fi wákàtí mẹ́ta pẹ́. Wọn ò sọ ohun tó fà á, wọn ò sì fún wa ju omi lọ. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dúró dè mí pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́, torí ó mọ̀ pé mi ò ní mú èyí tó nípọn wá. Nídìí ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata ló ti bi mí pé kí ni mo wá ṣe gan-an. Mo ní CERN ni.

"Ibi tí wọ́n ti fẹ́ dá ihò dúdú sílẹ̀ tó máa gbé wa mì? Mò ń kọjá níwájú ẹ̀ lójoojúmọ́ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Mi ò yà síbẹ̀ rí."

"Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹ ò ní lọ síṣẹ́, a jọ ń lọ ni."

Ó wò mí títí, ó ní kí n jẹun.

Ọjọ́ Àìkú

Aago ti padà sẹ́yìn wákàtí kan lóru, nítorí náà mo tètè jí ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀gbọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tíráàmù nọ́ńbà 18 ló gbé mi, CERN gan-an sì ni orúkọ ibùdókọ̀ tó kẹ́yìn. Ilé tí wọ́n kọ́ fún àlejò, Science Gateway, ni mo wọ̀. Renzo Piano ló ya àwòrán rẹ̀, oṣù Kẹwàá 2023 ni wọ́n ṣí i, ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé páìpù ńlá kọ́ sókè títì. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi tí mo ti ń gbé London, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi obìnrin tó jókòó níbẹ̀ bóyá òótọ́ ni.

Mi ò ní fi ìtàn CERN dá yín dúró: 1954 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ẹ̀rọ tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni LHC, ihò roboto tó gùn ní kìlómítà 27, tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà, tó gba abẹ́ Switzerland bọ́ sí Faransé tó sì tún padà. Inú ìgò gáàsì hydrogen kan, tó kéré sí sílíńdà ìdáná wa, ni proton ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Láti ẹ̀rọ kékeré dé ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n ń tì í, títí yóò fi máa yí ihò náà po nígbà 11,245 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo mọ gbogbo ìyẹn, mo ń kọ́ ọmọ. Ohun tí mi ò rí rí ni òòfà wọn.

Wọ́n gé ọ̀kan bí ẹni gé iṣu, kí a lè rí inú rẹ̀. Àwọ̀ búlúù ni wọ́n kùn ún. Odindi rẹ̀ gùn ní mítà 15, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 35, irú rẹ̀ 1,232 ló sì wà nísàlẹ̀ tó ń tẹ ọ̀nà proton kí ó lè máa yí po. Gbogbo irin ràgàjì yẹn, nítorí páìpù méjì péré tó wà láàárín rẹ̀ ni, tí ẹnu wọn ò fẹ̀ ju ti ife tíì lọ. Ọ̀kan fún àwọn tó ń lọ, ìkejì fún àwọn tó ń bọ̀. Ara páìpù yìí ni wáyà wà.

Níbi wáyà yẹn ni mo dúró sí jù. Wọ́n fi gígùn rẹ̀ kan sínú gíláàsì, wọ́n tú orí rẹ̀ sílẹ̀ bí ìrùkẹ̀rẹ̀. Ó pẹlẹbẹ, ó fẹ̀ bí àtàǹpàkò mi. Wáyà kéékèèké tó tó 36 ló lọ́ pọ̀ di ọ̀kan yẹn. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Àfi ìgbà tí mo wo inú awò amú-nǹkan-tóbi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: inú wáyà kéékèèké kọ̀ọ̀kan, fọ́nrán niobium òun titanium tó tó 6,000 sí 9,000 ló wà níbẹ̀, tí ọ̀kan ò nípọn ju máíkírómítà 7 lọ. Irun orí mi nípọn ju ìyẹn lọ ní bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ampere tó sún mọ́ 12,000 ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí pé ohunkóhun ṣòfò, torí pé helium ń mú kó tutù dé 271.3 sí ìsàlẹ̀ òdo. Òfuurufú tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ gan-an ò tutù tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 2008 ni proton kọ́kọ́ yí i po. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn náà, ojú ibi tí wọ́n ti so wáyà òòfà kan mọ́ èkejì bàjẹ́, iná ṣẹ́, helium tú yàà, òòfà mìíràn ṣí kúrò nídìí. Ó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó tún un ṣe. Ojú ìso kan ṣoṣo! Ẹni tó bá ti rí ibi tí wáyà ti jó lórí òpó ládùúgbò rẹ̀ kò ní bú wọn.

Mo ya fọ́tò rẹ̀ fún kíláàsì mi. Okùn kan ṣoṣo tí mo máa rí nínú ìrìn-àjò yìí nìyẹn, mo sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń ti ilé àlejò náà. Ẹ̀gbọ́n ní òun á fi mọ́tò gbé mi wọ Faransé kí n lè rí òkè ibi tí àwọn ẹ̀rọ ńlá wà. Ní ẹnubodè, ẹnì kan ò bojú wò wá. Èmi tí mo ti gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnu rí, mo ṣì ń wá páálí mi lápò nígbà tí a ti kọjá.

A dé Cessy. Abẹ́ abúlé yìí ni CMS wà, ẹ̀rọ tó wúwo ní tọ́ọ̀nù 14,000, tó ń ya àwòrán ohun tó bá fọ́n jáde nígbà tí proton méjì bá kọ lu ara wọn. Lókè, ilé ńlá kan tí kò ní fèrèsé tó ṣe é rí, wáyà tí wọ́n fi ṣe ọgbà, pápá, màlúù, òkè Jura lẹ́yìn. "Ilé tí wọ́n ń kó ọkà sí nìyí," ni Ẹ̀gbọ́n wí. A ò rí nǹkan kan, a ṣíwájú. A ra búrẹ́dì àti wàràkàṣì ní Saint-Genis-Pouilly, a jẹ ẹ́ nínú mọ́tò nítòsí ibi tí ALICE wà, ẹ̀rọ mìíràn tó ń wo ìkọlù bíi CMS, ibẹ̀ ni mo ti ráyè sọ ìtàn tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ okùn yìí.

Ní 1968, Gabriele Veneziano, ọmọ Ítálì kan tó wà ní CERN nígbà náà, ń wá ohun tó lè ṣàlàyé agbára tó so inú átọ́ọ̀mù pọ̀. Ó rí ìṣirò kan tó bá a mu. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn, Nambu, Nielsen àti Susskind, fi rí i pé ohun tí ìṣirò yẹn ń sọ ni okùn tó ń gbọ̀n. Àmọ́ ní bíi 1973, àlàyé mìíràn dé tó dára ju ìyẹn lọ, ti quark àti gluon tó ń so wọ́n pọ̀, wọ́n sì ju okùn dànù. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Scherk àti Schwarz lọ ṣà á nílẹ̀. Wọ́n ní ìṣirò okùn ní agbára òòfà ilẹ̀ nínú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi í síbẹ̀. Bóyá iṣẹ́ mìíràn la bí i fún.

Mo wá bi Ẹ̀gbọ́n pé kí ló mú ewédú yàtọ̀ sí omi. Ó ní ewédú ń fà. Mo ní ìyẹn gan-an. Tí wọ́n bá mú inú átọ́ọ̀mù òjé méjì kọ lu ara wọn ní LHC, bí wọ́n ti ń ṣe láti 2010, àwọn quark àti gluon á tú sílẹ̀, wọ́n á di ohun olómi kan fún ìṣẹ́jú tí kò tó nǹkan rárá, tó gbóná ju àárín òòrùn lọ ní ìlọ́po 100,000. Báwo ni omi yẹn ṣe ń fà tó? Ìṣirò wọn ò lè sọ, ó le jù. Ní 1997 ni Maldacena, onímọ̀ àbá okùn kan, dábàá pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ṣe é gbé lọ sí èdè okùn kí a dáhùn rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2005, Kovtun, Son àti Starinets ti rí nọ́ńbà kan: tí a bá fi fífà náà wé bí inú rẹ̀ ṣe dàrú tó, kò yẹ kó lè wálẹ̀ ju 1 lórí 4π lọ, ìyẹn nǹkan bí 0.08. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ará ilé ìwádìí Brookhaven ní New York kéde pé ohun tí wọ́n rí nínú wúrà tí wọ́n mú kọ lura ń ṣàn bí omi, kò sì jìnnà sí nọ́ńbà yẹn. ALICE tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa rí irú rẹ̀ nínú òjé.

"Wọ́n ti rí okùn náà nìyẹn!"

Rárá o. Àkàbà aládùúgbò ni wọ́n yá fi ká máńgòrò tiwọn. Àkàbà náà dára, ó dé orí igi, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ fún wa bóyá ilé tí aládùúgbò ń kọ́ máa dúró. Ó ṣì dùn mọ́ mi pé ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ lé okùn kúrò ló tún padà wá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ̀gbọ́n wọ ṣòkòtò tó lọ́ dáadáa. Obìnrin kan ló mú wa káàkiri, onímọ̀ físíìsì fúnra rẹ̀. A rí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí CERN ní, èyí tí wọ́n tàn ní 1957 tí wọ́n sì pa ní 1990. Wọ́n fi iná aláwọ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ báyìí bí ìyàwó àgbà. A ò lè lọ sísàlẹ̀ torí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Láti ẹ̀yìn gíláàsì la ti wo yàrá tí wọ́n ti ń ṣọ́ ATLAS, ẹ̀rọ mìíràn tó ń wo ìkọlù bíi CMS: kọ̀ǹpútà, kọ́fí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń yán.

Ẹ̀gbọ́n ò jẹ́ kó pẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, madam, ihò dúdú tí ẹ fẹ́ dá sílẹ̀ ńkọ́?"

Obìnrin náà ò bínú. Ó ní ìbéèrè tó tọ́ ni, torí àwọn gan-an ti wá a. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí fíríìjì: òòfà kékeré tó ń gbé bébà dúró lára rẹ̀ ń bá gbogbo ilẹ̀ ayé jà, ó sì ń borí. Kí ló dé tí agbára òòfà ilẹ̀ fi lẹ tó bẹ́ẹ̀? Èmi ni mo bá a túmọ̀ ìyókù fún Ẹ̀gbọ́n, mo sì fi ẹní ṣe é. Bí a bá ká ẹní tó sì wà lókèèrè, igi la máa rò pé ó jẹ́. Èèrà tó wà nínú rẹ̀ mọ̀ pé ó fẹ̀. Àbá okùn ní ìhà mẹ́wàá ló yẹ kó wà, pẹ̀lú àkókò. Àwa mọ mẹ́rin, mẹ́fà yòókù wà ní kíká. Ní 1998, Arkani-Hamed, Dimopoulos àti Dvali ní bóyá àwọn kan lára kíká yẹn ò kéré tó bí a ṣe rò, bóyá ibẹ̀ ni agbára òòfà ilẹ̀ ń jò lọ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, LHC lè dá ihò dúdú tíńtínní tó máa fọ́n ká lójú ẹsẹ̀.

Láti 2010 ni CMS àti ATLAS ti ń wò ó. Kò sí ihò. Wọ́n wá okùn tí wọ́n bá ta lágbára kó gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n wá a dé ibi tó sún mọ́ 8 TeV (TeV ni wọ́n fi ń wọn agbára níbẹ̀), kò sí. Wọ́n wá ìkejì tí àbá náà ní gbogbo ohun tín-ín-tín yẹ kó ní, kò sí. Ní ti pé kó gbé ayé mì, ó ní ohun tó lágbára ju ti LHC lọ ń já lu ayé láti òfuurufú láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, a ṣì wà.

"Ẹ ò rí ihò, ẹ ò rí okùn, ẹ ò rí ìkejì," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Owó ta ni ẹ ń ná?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní Higgs ńkọ́, ohun tín-ín-tín tí wọ́n kéde ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 2012? Ẹ̀gbọ́n ní òun gbọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n okùn ni àbúrò òun wá wá.

Nídìí kọ́fí, mo ṣe ìṣirò kan sẹ́yìn rìsíìtì láti fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn án. TeV kan, agbára tí yànmùyánmú kan fi ń fò ni, àmọ́ tí wọ́n kó sínú ohun tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ fíìfíì. LHC ń dé 13.6 TeV. Okùn fúnra rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ṣe rò ó, máa ń hàn ní nǹkan bí TeV bílíọ̀nù 12 lọ́nà mílíọ̀nù. Tí a bá fi irú òòfà búlúù yẹn kọ́ ẹ̀rọ tó máa dé ibẹ̀, báwo ló ṣe máa tóbi tó? Ohun tí mo rí ni pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ máa fi nǹkan bí 250 ọdún yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbọ́n gba rìsíìtì náà, ó ká a sínú àpò jákẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn mi.

Ọjọ́rú

Òjò. Ẹ̀gbọ́n lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ilé ìtọ́jú arúgbó ni, èmi jókòó ti iṣẹ́ kan tí mo ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí mi ò kà rí. 2007 ló jáde. Jacques Distler, Benjamin Grinstein, Rafael Porto àti Ira Rothstein ló kọ ọ́. Wọn ò wá okùn rárá, òpó tí okùn dúró lé ni wọ́n lọ yẹ̀ wò.

Lálẹ́, mo fi àjọ ṣàlàyé rẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n, torí òun ni akápò àjọ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà níhìn-ín. Mo ní, bí ẹni mẹ́wàá bá dá ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan, tí ìwé wá ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ni wọ́n pín, ṣé ẹ nílò láti rí ẹni tó kọ ọ́ kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ìwé náà ò dáa? Ó ní ìwé ti bàjẹ́ nìyẹn, kò dọ̀rọ̀ ẹjọ́. Òpó kìn-ín-ní nìyẹn: tí a bá ro gbogbo ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ pọ̀, kò gbọ́dọ̀ ju odindi kan lọ. Òpó kejì: ibi yòówù kí o kọjú sí, eré yòówù kí o máa sá, òfin kan náà ni. Òpó kẹta: ohun tó fa nǹkan ló ń ṣáájú nǹkan. Àwọn mẹ́rin yìí fi ìṣirò hàn pé tí òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dúró, nígbà tí W méjì (W jẹ́ irú ohun tín-ín-tín kan bíi electron àti quark) bá fọn ara wọn nù, nọ́ńbà kan wà tí kò gbọ́dọ̀ bọ́ sísàlẹ̀ ààlà kan. W yìí, CERN náà ni wọ́n ti rí i ní 1983. Tí LHC bá wọ̀n ọ́n tó sì bọ́ sísàlẹ̀ ààlà, òpó kan ti ṣẹ́, àbá okùn á sì wó pẹ̀lú rẹ̀.

"Tí kò bá bọ́ sísàlẹ̀ ńkọ́? Okùn wà nìyẹn?"

Ibi tó ti dùn mí nìyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àbá mìíràn ló dúró lórí òpó mẹ́ta kan náà, títí kan èyí tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ lójoojúmọ́. Àwọn kan bínú nígbà náà pé kì í ṣe àbá okùn ni wọ́n ń dán wò, òpó gbogbo ilé ni. Mo gbà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó sọ iṣẹ́ náà di asán. Wọ́n ti pẹ́ tí wọ́n ń sọ pé àbá okùn ò ṣeé mú lẹ́jọ́. Ó kéré tán, àwọn yìí rí ibi kan tó lè ti jẹ̀bi. W tó ń fọn W nù ṣọ̀wọ́n: bíi 2017 ni CMS tó rí i kedere, ATLAS tẹ̀ lé e, ohun tí wọ́n sì rí bá ohun tí a ti mọ̀ mu. Kí ìwọ̀n náà tó fínjú, proton tó pọ̀ sí i ló ní láti kọ lura. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣètò láti pa ẹ̀rọ náà ní 2026 fún àtúnṣe ńlá, kó tó bẹ̀rẹ̀ ní 2030 pẹ̀lú ìkọlù tó pọ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ.

Ẹ̀gbọ́n ṣí ìwé àjọ rẹ̀, ó ń ro ó pọ̀ láti òkè wá.

Ọjọ́bọ̀

Ní pápákọ̀ òfurufú, Ẹ̀gbọ́n bi mí pé kí ni mo máa wí fún ọmọ náà.

"Màá ní wọn ò tíì rí okùn, ṣùgbọ́n…"

"Má sọ ṣùgbọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í gbọ́ ohun tó bá wà lẹ́yìn ẹ̀. Ibi àjọ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

Mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní kí n máa wọ̀ ọ́ lọ, pé London náà ń tutù. A dì mọ́ra. Nígbà tí mo jókòó tán tí mò ń wá ìwé ìrìnnà mi, rìsíìtì ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló jáde látinú àpò. Ẹnì kan ti fi bírò pupa yí 250 náà po, ó fi òdo kan sí i lẹ́yìn, ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "2,500. Ro ó dáadáa, tíṣà." Mo fi fóònù ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló gba ọgọ́rùn-ún.